Àbẹ̀kẹ́, Ta Ló Ń Bá Yín Fọ Ìgò?

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà la wà, alihamudulilahi. Ìyá rẹ wà lọ́jà Olúwo láti àárọ̀, òjò ò sì jẹ́ kó tètè dé. Ìyẹn ni mo fi ráyè jókòó kọ èyí. Mo mọ̀ pé o máa ní kí n kàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ kó wà lórí ìwé.

Fọ́tò láàbù yín tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo ń ka orí yín: mọ́kànlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n yín wà láàárín, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe másítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo yín wọ kóòtù funfun, tìrẹ sì tóbi jù ọ́ lọ. Inú mi dùn débi pé mo fi han Ààfáà, mo tún fi han ọlọ́kadà tó gbé mi wálé. Nígbà tó yá mo tún un wò, mo wá ẹnì kan tì níbẹ̀. Ta ló ń bá yín fọ ìgò? Ta ló ń tan autoclave, ìkòkò ńlá tí a fi ń fi ooru pa kòkòrò?

O mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe nìyẹn. Èyí tí o kò mọ̀, tí ìyá rẹ gan-an kò mọ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1991, obìnrin kan ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ wa, kòkòrò àìfojúrí tó ń wọ ojú egbò àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló ń wá. Èmi ni mo ń se ágà tó ń lò, ìyẹn oúnjẹ tí a fi ń hu kòkòrò nínú àwo. Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n báyìí: kí ooru dé 121°C, kó tó di pé èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 15. Lọ́jọ́ náà, iná lọ ní ìṣẹ́jú kẹjọ. Ó yẹ kí n dúró kó dé, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ń ro ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Mo wo tápù tí a lẹ̀ mọ́ ìgò, ilà dúdú ti yọ lára rẹ̀. Mo ní ó ti jinná. Pé ooru kàn án ni tápù yẹn ń sọ, kò sọ pé kòkòrò ti kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe é.

Bacillus, irú kòkòrò kan, máa ń sán èèpo mọ́ra bíi hóró àgbàdo gbígbẹ, omi híhó lásán kì í pa á. Òun ló hù lójú gbogbo àwo rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ rò pé ojú egbò àwọn aláìsàn ló ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tọpa rẹ̀ kó tó da gbogbo rẹ̀ nù. Mo bá a lórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún, ó ń fi apá kóòtù nu imú. Mo bu omi fún un. Mi ò sọ.

Ojú tì mí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀: láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, ọ̀gá wa kò pe orúkọ mi rí. “Ìwọ” ni, tàbí kó na ìka sí mi. Ẹni tí wọn kì í kí, níbo ni yóò ti rí ẹnu sọ pé “ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ba nǹkan jẹ́”? Mi ò fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́ o. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Nítorí náà, ẹni tó ń fọ ìgò yín, mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá jù ọ́ lọ, kúnlẹ̀ kí i. Másítà kò ní kí orúnkún má tẹ̀. Bó bá ní iná lọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o da ágà náà nù níṣojú rẹ̀ láìfajúro, kó lè tún sọ nígbà mìíràn. Bí ọwọ́ tìrẹ náà bá ṣì, tí abẹ́rẹ́ gún ọ, tí àwo fọ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. (Nígbà tiwa, ẹnu la fi ń fa omi kòkòrò sókè bí ẹni ń fi sìtírọ́ọ̀ mu mínírà. Ọlọ́run ló yọ wá.)

Kòkòrò ò mọ dókítà. Ní 1927, dókítà kan, Adrian Stokes, wà lára ẹgbẹ́ tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá sí Yábàá nítorí ibà pọ́njú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ibà náà ń ṣe ní Gold Coast (Gánà òde òní), Asibi, ẹni ọdún 28, wọ́n gún un sára ọ̀bọ, ọ̀bọ náà kó àrùn. Ìgbà náà ni ọwọ́ wọn tó bá fáírọ́ọ̀sì náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ibà náà pa Stokes ní Èkó. Asibi yè é. Láti ara fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ni wọ́n gún fún mi kí n tó lọ Mẹ́kà. Mo yẹ yẹ́lò káàdì mi, ìwé ẹ̀rí àjẹsára náà, wò níwá lẹ́yìn, mi ò rí orúkọ Asibi.

O ní ẹ ń bọ̀ wá gba omi kànga ládùúgbò wa, nítorí kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí òògùn kì í ràn mọ́. Ẹ káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà wá sọ fún àwọn tó ni kànga ohun tí ẹ bá níbẹ̀, ní Yorùbá, kì í ṣe kí ẹ gbà á kí ẹ sì lọ. Kí o sì bá mi bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀: kápúsù apakòkòrò méjì péré ló ṣì ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Mo sọ fún un pé Fleming tó rí penicillin ti kìlọ̀ láti 1945 pé ẹni tó bá lò ó díẹ̀díẹ̀ ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀. Ó ní ta ni Fleming, ṣé òun náà fọ ìgò ni?

Ó ti wọlé báyìí. Ó di òbòkún yíyan sí ọ̀nà méjì, dírẹ́bà yóò gbé e bọ̀ lọ́la. Èyí tó ní okùn pupa, tìrẹ ni. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó ń fọ ìgò. Kí o tó gbé e fún un, tẹ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìta ni kí o ti fún un o, má gbé e wọ láàbù.

Bàbá rẹ.