Ọgbà Nìkan Kò Lè Dá Àgbàrá Dúró

Sí Olóòtú,

Mo ń ka àwọn ìròyìn àti àlàyé tí ẹ ń gbé jáde lórí òfin tó de fífi màlúù jẹko ní gbangba, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe ní 2016, tí Ọ̀yọ́ ṣe ní 2019, tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn sì ṣe tiwọn ní 2021. Ọ̀rọ̀ ààbò àti ti oko tí ẹran jẹ ló gba gbogbo ẹnu kan, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó jọ pé a ti gbà pé bí màlúù bá ti wọ inú ọgbà tí a ti ń sìn wọ́n lójú kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fẹ́ fi kún un ni pé ilẹ̀ kò mọ ọgbà. Iye ẹran tó wà lórí rẹ̀ àti iye koríko tí wọ́n bá ṣẹ́ kù ló mọ̀; bí koríko bá tán, àgbàrá òjò ni yóò gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Manti àti Ephraim, ìlú méjì ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, fojú rí i. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgùntàn pọ̀ lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wọn débi pé wọ́n jẹ koríko kan gbòǹgbò, bí òjò ìgbà ooru wọn bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ àti òkúta a ya wọ ìlú. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló bẹ ìjọba, tí ìjọba fi sọ òkè náà di igbó ọba ní 1903. Ní 1912, wọ́n dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní àfonífojì Ephraim, Arthur Sampson ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀.

Sampson mú ilẹ̀ méjì tí kò jìnnà síra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí éékà 10, tí omi orí rẹ̀ ń gba ojú kan ṣoṣo jáde, ó sì ṣe ibi tí omi yóò dá sí sí ìsàlẹ̀ wọn, kí ó lè wọn omi tó ṣàn jáde àti erùpẹ̀ tó bá a wá. Ewéko bo nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ilẹ̀ kìíní, ó bo nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìkejì. Omi àti erùpẹ̀ tí ilẹ̀ kìíní ń pàdánù bí òjò bá rọ̀ ju ti ìkejì lọ fíìfíì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ kìíní sinmi títí ewéko orí rẹ̀ náà fi tó ìdá 40. Ìgbà tí Clarence Forsling, tó gba ipò lọ́wọ́ Sampson, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1931, erùpẹ̀ tó ń ṣàn lọ ti dín ju ìdajì lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Yìnyín tó ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù, tó sì ń yọ́ lẹ́yìn náà, ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó ń ṣàn kúrò lórí òkè náà lọ́dún, síbẹ̀ òjò líle díẹ̀ nígbà ooru ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ lọ. Ẹ̀kán òjò a máa fọ́ ilẹ̀ tí kò rí nǹkan bora, erùpẹ̀ kúnná a dí ojú ihò tí omi ìbá gbà wọlé, omi tó kù a di àgbàrá. Àwa ní Òkè-Ògùn kò ní irú yìnyín bẹ́ẹ̀. Òjò líle bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àkọ́rọ̀ òjò sì máa ń bá ilẹ̀ tí iná ìgbẹ́ àti màlúù ti bọ́ láṣọ. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò tọ́ka sí Allan Savory, ọmọ ilẹ̀ Zimbabwe, tó ń sọ pé bí agbo ẹran ńlá bá fi pátákò tẹ ilẹ̀, omi á túbọ̀ máa wọlé. Steven Warren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ pátákò wò ní Sonora, ní Texas, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1986: bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni omi tó ń wọlé ń dín kù, tí erùpẹ̀ tó ń ṣàn lọ sì ń pọ̀ sí i, ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́ kò sì tó fún ilẹ̀ náà láti bọ̀ sípò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń gbèjà dída ẹran káàkiri, tàbí pé Fúlàní darandaran ni mo ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń ṣí kiri a máa kúrò lórí koríko nígbà mìíràn, koríko a sì rí àyè rú. Bí a bá há màlúù kan náà mọ́ ojú kan, tí a kò pín pápá náà sí ọ̀nà-ọ̀nà kí apá kan lè máa sinmi, a ti gba ìsinmi yẹn lọ́wọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹrẹ̀ tó bá sì ṣàn wọ odò Ògùn lápá òkè Ìkéré, inú adágún Ìkéré, èyí tí ìdídò tó wà nítòsí Ìsẹ́yìn dá sílẹ̀, ló ń lọ.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn akọ̀ròyìn yín pé nígbà mìíràn tí wọ́n bá lọ wo ọgbà màlúù tuntun, kí wọ́n bi onílé pé màlúù mélòó ló ń jẹ lórí éékà kan, ó tó oṣù mélòó tí wọ́n ń fi pápá sílẹ̀ kó sinmi, àti ibo ni omi orí rẹ̀ ń gbà jáde. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lọ ní oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán ilẹ̀ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìsẹ́yìn