Bọ́lá, dìde kúrò níbẹ̀

Bọ́lá ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ẹ́ lánàá, o ò gbé e. Kò séwu nílé, orúnkún bàbá ẹ ti ń fúyẹ́, àbúrò ẹ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ wà lára àwọn tó ń wá sikọ́láṣíìpù tí kọmítì yín fẹ́ pín. Ṣóòótọ́ ni? Ṣó o ti sọ fún wọn? Má wulẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà mọ̀wé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá gba ipò kìíní tìwọ náà sì wà ní tábìlì yẹn, ta ló máa gbà pé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbà á? O ti ba tiẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Kọ̀wé sí alága kí wọ́n tó ṣí fáìlì ẹnikẹ́ni, má fẹnu sọ ọ́ lásán. Tó o bá bá ọmọ náà tún àròkọ ẹ̀ ṣe, kọ ìyẹn náà sí i. Tó bá kan orúkọ ẹ̀, dìde, jáde, kí wọ́n kọ ọ́ sí míńítì pé o jáde. Kó o jókòó kó o dákẹ́ ò tó o, ojú ẹ ni wọ́n á máa wò. Má sì ní àwọn tó kù lo máa máàkì, torí tó o bá fún ọmọ ẹlòmíì ní 4 níbi tó yẹ kó gba 7, tiyín lo gbé sókè yẹn. Kí wọ́n kúkú fẹlòmíì rọ́pò ẹ lọ́dún yìí. Ṣó o ti sọ fún wọn, Bọ́lá?

Mo mọ̀ pé o kì í ṣèké, láti kékeré lojú ẹ ti máa ń tú ẹ fó. Orí kunkun ẹ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Èmi náà jókòó ní irú kọmítì bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, mi ò sọ fún ẹnì kan. Mi ò tiẹ̀ yìn ín. Ọmọbìnrin kan ló wà níwájú ẹ̀, mo kàn ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ rí wúruwùru, òótọ́ sì ni, bírò dúdú ló fi bẹ̀rẹ̀, ó dé àárín, yíǹkì tán, ó fi búlúù parí ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ, Bọ́lá. Wọ́n yọ ọmọ ọlọ́mọ. Aṣọ tí ọ̀rẹ́ mi gbé wá dúpẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi, mi ò rán an, bàbá ẹ ò sì mọ ìdí ẹ̀ dòní. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Jọ̀ọ́, kọ lẹ́tà yẹn lálẹ́ òní, kó o wá gbé fóònù mi. Tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ bá bínú, ní kó pè mí, kó sọ pé èmi ni mo ní kó o jáde.

Ìyá ẹ ni.