Èéfín nìkan kò pa ọmọ aràn inú ẹja

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú máa ń bí oníbàárà lọ́jà Ìpàta n'Ílọrin bó bá rí aràn funfun nínú ìfun àrọ̀. Èyíinì kọ́ ló burú jù, nítorí ìfun yóò dànù. Èyí tó wọnú ẹran ara ẹja lọ ni kí a máa ṣọ́.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Diphyllobothrium, aràn pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀ nínú adágún omi tútù ilẹ̀ Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà. Ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ń gbé ẹyin rẹ̀ dé omi. Ẹyin pa, kòkòrò omi tín-ín-tín gbé ọmọ rẹ̀ mì, ẹja kékeré jẹ kòkòrò, ẹja ńlá jẹ kékeré. Nínú ẹran ẹja, ọmọ aràn náà a funfun bí òwú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìjinná lè gbé aràn tó gùn tó mítà 10 sínú, tí yóò máa bá a jẹ fítámì B12 títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi lè dínkù.

Iyọ̀ díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò pa á. Fíríìsà ń pa á bó bá tutù dé -20°C fún ọjọ́ 7 gbáko, ṣùgbọ́n irú iná tiwa yìí ńkọ́? Ooru ló dájú: kí àárín ẹja gbóná tó 63°C, kí ẹran rẹ̀ má dán mọ́, kó sì máa ṣí kúrò lára egungun. Ẹja yíyan ló máa ń tanni jẹ. Awọ á ti dúdú, ìdí egungun á ṣì tutù. Ẹ la àrọ̀ ńlá sí méjì kẹ́ ẹ tó gbé e síná.

Òǹkàwé yín,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwárà