Ẹ má jẹ́ kí owó bébà kú mọ́ wa lọ́wọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí owó náírà bébà ti wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni pọ́ọ̀sì mi ti di ilé káàdì lásán. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ká máa ná owó àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi tuntun rọ́pò lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò padà sí ìnáwó bébà mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra iṣu mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá àgbà kan lọ́jà Kàbbà. Mo fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ wọn. Wọ́n yọ ọ́ lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ìyá ń wo fóònù kékeré tí wọ́n fi rọ́bà so lẹ́yìn. “Ọmọ mi, ṣé kò sówó lápò rẹ rárá ni?” Ojú tì mí. Mo dá iṣu padà sílẹ̀.

Oní-POS á gba tirẹ̀ lórí owó tá a bá gbà. Ẹ̀yin báǹkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kówó sínú ẹ̀rọ ATM lọ́jọ́ ọjà. Èmi náà ti ń fi owó díẹ̀ sí pọ́ọ̀sì báyìí, nítorí ìyá yẹn.

Olùkọ́ kan,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí