Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí A Fi Ń Mú Ìyàwó Jókòó Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Ẹ̀yin oníbàárà wa, pàápàá ẹ̀yin òbí tó ń múra ìgbéyàwó oṣù Dìsẹ́ńbà,

A kí yín láti ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún tó kọjá, ìyá ìyàwó kan ní Ìperu bínú sí wa. Wọ́n rí i pé kámẹ́rà àti páálí funfun kan la gbé wọ yàrá ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn ò sanwó páálí, iná ńlá dà? Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá. Àwa la ò ṣàlàyé ṣáájú. Àlàyé náà ni mo jókòó kọ yìí.

Ojú kékeré kan ni iná fíláàṣì ti ń jáde. Tó bá kọ lu ojú èèyàn, iwájú orí àti imú á máa dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, òjìji ẹ̀yìn etí á sì dúdú kirikiri. Àtíkè míì tún wà tí ẹ ò ní rí àléébù kankan lára rẹ̀ bí ẹ bá ń wò ó lójú lásán, àmọ́ tí fíláàṣì bá bà á, ojú ìyàwó á funfun bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Fèrèsé ní tirẹ̀ tóbi ju ojú èèyàn lọ fíìfíì. Ibi púpọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló fi ń rọ̀ lójú, tí òjìji kì í fi mú bí abẹ. Páálí funfun tí mọ́mì rí, apá kejì ojú la fi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí, kó má baà ṣókùnkùn.

Aṣọ òkè ló tún mú kí n fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ gbé sányán tàbí ẹtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, ẹ máa rí ojú òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí bí gèlè ṣe ṣẹ́po léra, àti bí iyùn ọrùn ṣe yípo. Tí iná bá ti iwájú kọ lù ú, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, owó aṣọ á kàn ṣòfò nínú fọ́tò.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tó pẹ́ jù tó ṣì wà láyé, ojú fèrèsé òkè ilé rẹ̀ ni Nicéphore Niépce ti yà á ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1827.

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó dùn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ṣágámù, mo ya ìyàwó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbàgbé gílóòbù pupa tó ń tàn lókè orí wa. Ojú èèyàn máa ń fi ara mọ́ àwọ̀ iná méjì tó bá dà pọ̀, kámẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan pupa bí epo, èkejì ń ṣe bí aró. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò ṣeé tún ṣe. Mo dá owó fọ́tò náà padà, ṣùgbọ́n ta ló lè dá àárọ̀ ọjọ́ yẹn padà fún ọmọ náà? Nítorí náà, tí mo bá pa iná yàrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án. Ògiri aláwọ̀ ewé pẹ̀lú, a máa ń sá fún un, torí àwọ̀ rẹ̀ á hàn lára ìyàwó, pàápàá lára gáùn funfun.

Gáùn funfun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Tí kámẹ́rà bá rí funfun púpọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọmọ wa tó dúdú tó ń dán á wá ṣú. Ojú ìyàwó la máa ń fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, a kì í fi aṣọ díwọ̀n rẹ̀.

Fèrèsé wo ló dára? Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ní òkè òkun máa ń sọ pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ni. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà ní àkókò. Ní Dìsẹ́ńbà, ìhà gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá, kò ní wọ fèrèsé àríwá, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á tutù dáadáa. Ní oṣù Júùnù, ìhà àríwá gan-an ni oòrùn wà sí wa, ìtànṣán lè wọlé tààrà, irin tí wọ́n fi dènà olè á wá ya ìlà-ìlà sójú ìyàwó. Lówùúrọ̀, ẹ yẹra fún fèrèsé ìlà-oòrùn, àfi tó bá ní kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọyẹ́ sì máa ń ràn wá lọ́wọ́, torí eruku rẹ̀ ń fọ́n ìtànṣán oòrùn ká. Tí ẹ bá ní ilé ẹbí, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ní fèrèsé onípákó tó ṣí gbayawu, ẹ jẹ́ ká lo ibẹ̀. Kò sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tó dùn ún yà fọ́tò tó o lójú tèmi.

A ṣì ń gbé iná wá o. Tí òjò bá ṣú, tàbí tó bá di alẹ́ ní gbọ̀ngán àríyá, a máa tàn án.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni wákàtí kan kí alága ìjókòó tó pe ìyàwó jáde, kí ojú àti gèlè ti parí. Ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta péré wà nínú yàrá, kí ẹ sì má bínú tí a bá sún bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní nǹkan bí aago tí ìyàwó máa múra, ẹ ya fọ́tò fèrèsé yàrá náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín. A máa wò ó, a ó sì pè yín padà lọ́jọ́ náà.