Ìdí tí owó àdá àti ọkọ́ wa fi lé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀.

Ẹ ń bi wá léèrè: kí ló dé tí àdá fi ₦500 lé, tí ọkọ́ ọ̀sẹ̀ kan di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Irin kọ́ ló fà á. Èédú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sí àgbẹ̀dẹ wa mọ̀ pé èédú ilẹ̀ la ń kó síná, a kàn ń po èédú igi díẹ̀ mọ́ ọn. Apá Ankpa, ní òdìkejì odò Ọya, ló ti ń wá. Kòtò gbangba ni wọ́n ń gbẹ́ ní Okaba, níbi ìwakùsà èédú tó wà lápá ibẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù, kòtò á kún, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde. Èyí tí wọ́n bá wà nígbà náà á rin gbingbin: a san owó omi mọ́ owó èédú, bó bá sì dé inú iná, èéfín ló ń rú. Ọkọ̀ tún ní láti gba afárá Itobe sọdá sí Ajaokuta. Ẹ sì rántí ohun tí omíyalé ṣe ní Lọ́kọ́ja ní 2022, lẹ́yìn tí a ti rò pé ti 2012 ò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́.

Èédú yìí kan náà wà lára ohun tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Èéfín rẹ̀ ń há ooru mọ́ ayé, ooru sì ń jẹ́ kí òjò máa rọ̀ ní àrọ̀jù. Ìdí nìyí tí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń fi èédú tan iná mànàmáná láti 1882, fi ti èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024. Ọ̀pọ̀ báǹkì òkè òkun ò yá iṣẹ́ èédú lówó mọ́. Ṣáínà ṣì ń jó ju ìdajì èédú ayé lọ, nítorí náà kò ní í tán lọ́la. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun síbi ìwakùsà lónìí, bóyá ni yóò rówó yá.

Àwọn kan ní ká padà sí èédú igi pátápátá, bíi ti bàbá mi. Igi ẹ̀mí (igi òrí) tí wọ́n ń sun di èédú, mélòó ló kù lóko yín?

Láti ọdún yìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ó máa ra èédú pamọ́ sábẹ́ páànù. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ́ fún àkọ́rọ̀ òjò, kó sọ fún wa kí oṣù kejì tó parí. Ẹni tó ti san owó sílẹ̀, iye àtijọ́ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀.