Iná Ti Pa Kí Ni?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí mo ti sọ ọ́ létí àwọn tó kàn, wọn ò kà á sí.

Ilé oúnjẹ kan wà nílùú wa níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ti ń ta ẹran yíyan àwọn ará Kòríà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọ mi obìnrin tí kì í fi fíìmù Kòríà ṣeré ló ní dandan ni ká lọ, àbúrò ọkọ mi tó wá kí wa láti Èkó sì gbè é lẹ́yìn. Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀ rí, iná gáàsì wà láàárín tábìlì, irin pẹlẹbẹ wà lórí ẹ̀. Wọ́n á gbé ẹran tútù wá, wọ́n á máa yan án lójú yín, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé e wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin á fi ewé sàláàdì wé e, ó dẹnu.

Wọ́n ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, apá ikùn tó lọ́ràá tí wọ́n ń pè ní samgyeopsal. Ìyẹn ò kàn mí, ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ kó máa jẹ ẹ́. Mùsùlùmí làwa, bulgogi la sì ní kí wọ́n gbé wá, ẹran màlúù. Ojú mi báyìí ni ọmọkùnrin tó ń dá wa lóhùn ṣe fi ẹ̀mú yí ẹlẹ́dẹ̀ lórí tábìlì kejì, tó sì mú ẹ̀mú yẹn kan náà bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo wo irin tiwa, ọ̀rá ẹni tó jẹun ṣáájú wa ṣì dì mọ́ ọn létí. Mo ní, "Ọmọ mi, bá wa pààrọ̀ irin yìí àti ẹ̀mú yẹn."

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, iná ti pa gbogbo ẹ̀."

Iná ti pa kí ni? Ṣé kòkòrò ni mo ní mò ń sá fún ni?

Bó ṣe lọ nìyẹn, kò padà. Aago ìpè wà lára tábìlì, a tẹ̀ ẹ́ títí, àwọn tó jókòó sídìí káńtà ń wo fóònù wọn. Ìgbà tí àbúrò ọkọ mi dìde lọ bá wọn ni wọ́n tó gbé irin mìíràn wá, gbàgà ni wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Ẹran náà dùn o, mi ò ní purọ́.

Rìsíìtì ló wá bí mi nínú jù. Ní Kòríà, àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n ń tò yí ẹran ká, kimchi (kábéèjì kíkan aláta), ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, tí wọ́n ń pè ní banchan, wọn kì í gbowó lórí ẹ̀, bó bá tán wọ́n á tún bù sí i. Ìyá tó ń ta gàárì ní Òkè-Ajé náà kì í wọn gàárì kó má fi èènì sí i. Tiwọn kọ́: kimchi tí wọ́n bù kún tiwa, a bá owó ẹ̀ níbẹ̀. A tún bá ìdá 10 nínú 100, tí wọ́n pè ní owó ìtọ́jú oníbàárà. Ìtọ́jú wo? Kò sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ wọn nínú méjèèjì.

Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ọ́ ní abala 115 pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ síta, kò sì gbọdọ̀ ní kí oníbàárà san ju iye náà lọ. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyẹn. A san án ṣá, torí àlejò wà lọ́dọ̀ wa.

Ìlú Ojúde Ọba nìyí, níbi tí èrò ti ń ya wọlé lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Kí wọ́n ya irin ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀mú ẹ̀ sọ́tọ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà pé irin kan náà ni wọ́n fi ń yan gbogbo ẹ̀, ká lè mọ ibi tá a máa gbà. Owó kimchi wa náà, mo ṣì ń retí ẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde.